Láti Èjìká Bọ́ sí Ikùn

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura. Ó la ojú kan, ó wo fóònù, ó sì bi mí pé, "Bàbá wọn, ṣé Faransé ò ní àyà ni?"

Nínú fóònù tí a gbé ti agolo mílíìkì lórí tábìlì, obìnrin méje ti di ojú wọn, gbogbo wọn sì gbé ọwọ́ lé àyà. Ìyàwó mi nìkan ló gbé ọwọ́ lé ikùn, nítorí ibẹ̀ ni mo ní kó gbé e lé.

"Ikùn ló sọ," ni mo wí.

"Àwọn méjèèje ni kò gbọ́ Faransé, àfi ẹ̀yin?"

Ó tún di ojú rẹ̀. Kò gbé ọwọ́ náà kúrò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò gbọ́ tèmi mọ́. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ títí ìjókòó ọjọ́ náà fi parí, bí ẹni tó ń ka ìwé fún yàrá òfìfo.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló ti Èjìgbò wá, ilé-ìwé Faransé ni mo lọ, iṣẹ́ tí mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni títúmọ̀ ìwé. Àwọn ará wa tí wọ́n ti Nàìjíríà dé pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́, èmi ni mo máa ń yí i sí Faransé fún wọn kí ọ́fíìsì tó lè gbà á. Ohun tó bá wà nínú ìwé ni mo máa ń kọ. N kì í yọ nǹkan kan, n kì í sì í fi kún un. Ọkùnrin kan wá bá mi nígbà kan pé kí n bá òun dín ọdún mẹ́rin kù nínú ọjọ́ orí òun kí wọ́n lè gba òun síṣẹ́. Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un, mo sì ṣílẹ̀kùn kó máa lọ.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀, Èjìgbò ni wọ́n ti gbé e wá fún mi. Ó ń ta sípù, bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní ọjà Adjamé Roxy. Ó gbọ́ Jùlá, èdè tí wọ́n fi ń tajà níbí, tó fi lè ná ọjà kó sì fi bú èèyàn. Faransé tirẹ̀ kò ju kó ka iye owó, kó kí oníbàárà, kó sì dágbére fún un. Ó máa ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ó dà bí aṣọ tí wọ́n lọ̀ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀.

Nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọmú rẹ̀ òsì, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí i lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Nínú ilé wa, a kò pe àìsàn náà lórúkọ. Bí àwọn oníbàárà bá béèrè rẹ̀, mo máa ń sọ pé ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. Bí àwọn ará ìlú wa bá pè, mo máa ń dáhùn pé ara ń le, a dúpẹ́. Òun náà ń pè é ní "nǹkan yẹn". Bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ wa dàgbà: ohun tí a kò bá fẹ́, a kì í fi ẹnu pè é, kó má baà jókòó ti wá. Ṣùgbọ́n kò rí oorun sùn mọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó lè jókòó sí ojú fèrèsé wa ní Attécoubé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kó máa wo ọ̀sà, kó má sì sọ ohun tó ń rí.

Ọmọbìnrin wa tó ń gbé ní Bouaké ló gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì kan pé àwùjọ kan wà lórí fóònù fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Ó fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Obìnrin kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, tó tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkàn èèyàn, ló ń darí rẹ̀ láti ilé rẹ̀ ní Songon, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ ọ́ yanjú pé ohun tí òun ń kọ́ni kì í ṣe oògùn. Kò ní mú àrùn náà kéré, kí ẹnikẹ́ni má sì torí rẹ̀ fi ilé ìwòsàn sílẹ̀. Ó wà fún ìbẹ̀rù, fún àìróorunsùn, fún ọkàn tó máa ń sáré lọ síwájú kó lọ rí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ẹ óò jókòó, ẹ óò máa kíyè sí èémí yín bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Bí ọkàn bá lọ, ẹ óò rọra mú un padà. Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn rẹ̀ bó ti ń ṣàlàyé. Ó ní àkùkọ náà wà níbẹ̀, kí a jẹ́ kó wà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Orúkọ tí Faransé ń pe nǹkan náà fún mi ní wàhálà. Mo jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè fún wákàtí kan, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, mo sì pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Kí lẹ ń wá?"

Mo ṣàlàyé fún un.

"Ó ní kí n jókòó ti ara mi," ló wí, "bí mo ṣe máa jókòó ti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Èèyàn ò kúkú ní máa ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ó kàn máa jókòó ni. Kí lẹ tún ń wá nínú ìwé?"

Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní ìjókòó.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń pa ohùn tiwa lórí fóònù kí àwọn yòókù má baà gbọ́ wa, mo máa ń jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo sì máa ń túmọ̀ sí i létí. Èémí kò le láti túmọ̀. Ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, olùdarí wa sọ pé, "Bí ìrora bá wà, ẹ jẹ́ kó wà. Ẹ má lé e, ẹ má sì fà á mọ́ra. Ẹ kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo wo obìnrin tí mo fẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógójì, irun rẹ̀ ti re tán lábẹ́ gèlè, mo sì sọ fún un pé, "Ìrora náà ń lọ. Ọlọ́run ti gbà á lọ́wọ́ rẹ."

"Àmín," ló dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Olùdarí á sọ gbólóhùn kan, èmi á sọ ọ́ di àdúrà, ìyàwó mi á ṣe àmín. Nígbà kan, olùdarí rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń mì, ó sì yìn ín níwájú gbogbo àwùjọ. Ó ní tantie, ìyẹn àǹtí, ń mí dáadáa.

Apá kan tún wà níbi tí a ti máa ń gba orí sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, tí a ó máa dúró díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan nínú ara. Orí, ojú, ọrùn, èjìká, apá. Tó bá dé àyà, olùdarí á sọ pé, "Bí wọ́n bá ti yọ nǹkan kúrò níbẹ̀, ẹ dé ibẹ̀ náà. Ẹ gbé ọwọ́ lé e. Ẹ kí i bó ṣe rí." Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń gba èjìká bọ́ sí ikùn. Àyè tó bá ṣẹ́ kù, àdúrà ni mo fi ń dí i.

Mo ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo sì ń rí i pé kò ṣe é lóore. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti sọ bó ṣe rí lára wọn, ó ní, "Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn wọ̀nyẹn, ojú wọn máa ń fúyẹ́ tí wọ́n bá là á. Tèmi kì í lọ. Ẹ ní ó ń lọ, mo wò ó, kò lọ ibì kankan. Àbí ìgbàgbọ́ mi ni ò tó?" Mo gbọ́ ọ. Mo sọ fún un pé kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe ohun kan náà.

Ìyẹn ni ọjọ́ tó la ojú kan.

Lẹ́yìn tí mo pa fóònù, ó yí àga rẹ̀ kó lè kọjú sí mi. Ó ní kí n sọ ohun tí obìnrin náà ń wí fún wọn níbi tí wọ́n ti gbé ọwọ́ lé àyà. Mo sọ ọ́ ní ìdá kan. Ó ní kí n sọ ìyókù. Mo sọ ìyókù, mo sì jẹ́wọ́ ti ìrora náà.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Gbogbo àmín tí mo ń ṣe ńkọ́?"

"Ìyá wọn, ṣé irú ọ̀rọ̀ yẹn la máa ń sọ sí aláìsàn létí?"

"Ta ló sọ fún yín pé etí ló ń dùn mí? Ọmú ni wọ́n gé. Wọn ò gé etí."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, òun kò rín.

"Ọkùnrin tó ní kí ẹ dín ọjọ́ orí òun kù," ló wí, "ẹ lé e jáde. Ẹ wá sọ ọ́ fún mi nílé pé ẹ̀yin ò lè purọ́ lórí ìwé. Èmi ni ẹ wá ń dín ọ̀rọ̀ kù fún."

"Mo ṣe é nítorí kí ọkàn rẹ má baà bàjẹ́ ni."

"Ó ti bàjẹ́. Ẹ ò bi mí ni." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá wọn. Mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé yìí. Bí mo bá ti la ẹnu, ẹ ti gbàdúrà lé e lórí. Mo fẹ́ ibì kan ṣoṣo tí wọ́n á ti jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Ibẹ̀ lẹ tún bá mi lọ."

Mo ṣèlérí fún un. Ó ní òun ò fẹ́ ìlérí, òun fẹ́ àyà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo ti túmọ̀ ìwé ikú àwọn ọmọdé. Mo ti túmọ̀ ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Kò sí èyí tó le tó ìjókòó ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Nígbà tí olùdarí kúrò ní èjìká, mi ò bọ́ sí ikùn. Mo ní, "A ti dé àyà." Mo ní, "Bí wọ́n bá ti yọ nǹkan kúrò níbẹ̀, dé ibẹ̀ náà." Mo ní, "Gbé ọwọ́ lé e. Kí i bó ṣe rí." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó kì í bọ abẹ́ bùbá, ó tẹ́ ẹ sí ibi tó ti pẹlẹbẹ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìrora náà pẹ̀lú: jẹ́ kó wà, má lé e. Kò ṣe àmín. Ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ó fi tán.

"Ó gbóná," ló kọ́kọ́ sọ. "Ó ń yún mi ní etí àpá, bí egbò tó fẹ́ jiná. Àárín rẹ̀ ti kú, mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ló ń dùn mí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀."

Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló ti máa ń pààrọ̀ aṣọ. Lọ́jọ́ náà, kò lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi náà kò sì gbé ojú kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ọ́n ṣe. Obìnrin ará ìlú wa kan wá kí i, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara ń le o?"

"Kò le. Jẹjẹrẹ ni. Wọlé jókòó, omi tútù wà nínú fíríìjì."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ó ti jẹ́ ẹ ná. Ṣé o máa mu omi?"

Obìnrin náà mu omi ní ìdúró. Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà rẹ̀ mú. Ó ní ó sáré ju ẹni tí ọlọ́pàá ń lé lọ.

Mi ò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè rò pé ìjókòó wò ó sàn. Àrùn náà dé inú egungun rẹ̀. Oorun rẹ̀ dára sí i, ìbẹ̀rù rẹ̀ dínkù ní ọjọ́ kan, ó sì pọ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí kò lè jókòó mọ́, ó ń dùbúlẹ̀, mo ń gbé fóònù dání, mo sì ń túmọ̀. A sọ ohun tí tọkọtaya kì í fẹ́ sọ. Ó ní Àbíjàn ni kí a sin òun sí, kí a má gbé òun lọ sí Èjìgbò, nítorí ọdún tí òun ti lò níbí ju ti ibẹ̀ lọ. Ó yan ẹni tó máa gba ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n yé wọ kaftani aláwọ̀ ewé yẹn, pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ká ní mo ṣì ń fi àdúrà dí i lẹ́nu ni, kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tí ǹ bá mọ̀. Ó kú nígbà òjò. Èmi àti ọmọbìnrin wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà kí olùdarí tó pè mí. Ó ní, "Tonton," bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbí, "obìnrin kan wà tí kò gbọ́ Faransé. Yorùbá ni. Mi ò ní ẹlòmíràn."

Mo ní mi ò lè ṣe é. Ó ní ó yé òun, ó dúpẹ́, ó sì pa fóònù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ara mi jà. Ohun tí mo ń rò ni pé ẹlòmíràn yóò ṣe é fún obìnrin náà: àbúrò rẹ̀, tàbí ọkọ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Yóò sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe é. Ní ọjọ́ kẹrin, mo pe olùdarí padà.

Mo múra sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń múra fún iṣẹ́ ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀, mo máa ń jókòó sí tábìlì, mo ń kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ sí ara mi létí kí n mọ̀ bó ṣe ń dún. Èyí tó bá dún bí ìwàásù, mo pa á rẹ́. Èyí tó bá dún bí Yorùbá tí wọ́n lọ̀ tí wọn ò wọ̀, mo pa ìyẹn náà rẹ́. Tí mo bá dé àyà, mo máa ń rí i pé àyà tèmi wúwo. Mo jẹ́ kó wúwo. Mo gba ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè ka gbogbo rẹ̀ láìdúró.

Àwa mẹ́rin la wà nínú fóònù lọ́jọ́ náà: olùdarí, èmi, obìnrin náà, àti ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aránṣọ ni obìnrin náà, kò ju ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Adjamé. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti Nàìjíríà dé. Àrùn náà wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ti yọ ilé ọmọ náà. Wọn kò tíì bímọ. Olùdarí ti sọ èyí fún mi tẹ́lẹ̀ kí n má baà ṣì í sọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni ọkọ náà wí. "Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn."

A bẹ̀rẹ̀. Orí, ojú, ọrùn. Mo ń túmọ̀ gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, obìnrin náà sì ń tẹ̀ lé mi. Èjìká, apá, àyà. Nígbà tí a dé ikùn, olùdarí sọ pé kí a rọra sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ìdodo, sí ibi tí ilé ọmọ wà tẹ́lẹ̀. Mo la ẹnu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkọ náà wí. Ó ti tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo fóònù. "Ẹ fo ibẹ̀. Ẹ bá a gbàdúrà níbẹ̀, kí a kọjá sí ẹsẹ̀."

Mo mọ ohùn náà. Tèmi gan-an ni. Kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti kọ̀ fún un.

"Àbúrò mi," mo ní, "mo gbọ́ ọ. Èmi náà ti fò ó rí fún ìyàwó mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi fò ó. Ó dùn ún ju kí n sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi tàbí ìwọ ló máa sọ bó ṣe máa rí lónìí." Mo pe obìnrin náà. "Ìyàwó wa, ṣé kí n fò ó?"

Kò la ojú rẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹnìkan tó ń gé irin níta ilé wọn.

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nílé bí ẹni pé mi ò mọ̀."

Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ nu ojú, ó sì sún sẹ́yìn. Kò dìde lọ.

Olùdarí béèrè ní Faransé bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù fún wa. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́, bó ṣe wí i gan-an, láìyọ nǹkan kan kúrò. Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé abẹ́ ìdodo rẹ̀, a sì dúró síbẹ̀ fún iye èémí tó fẹ́.